Ìpè Ìkẹyìn ní Òkè-Omi

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó yẹ kí ọwọ́ tó fẹ́ tọ́jú yín mọ̀?"

Ìgbà kẹta nìyí tí ẹ̀rọ kan tó rí bí àpótí ń béèrè. Ohùn àgbàlagbà obìnrin ni àwọn tó ṣe é fún un, ohùn ẹni tó ti pọn ọmọ púpọ̀ rí, bóyá kí ọkàn ẹni tí ń ṣàìsàn lè rọ̀. Ọkàn Màmá Agbẹ̀bí kò rọ̀. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sì ti wú débi pé ojú ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Nísàlẹ̀ ilé, omi ń gbá ẹsẹ̀ irin tí wọ́n fi gbé ilé náà dúró.

"Ìbídùn," ni ó wí, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi pé iṣu gbígbóná wà níbẹ̀, "bá mi sọ fún ìyá inú àpótí yẹn pé mo kí i. Ṣùgbọ́n a ò mọra rí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ ò bá dá a lóhùn, kò ní ṣiṣẹ́."

"Bí mo bá wá dá a lóhùn ńkọ́?"

Ìbídùn, oníṣègùn eyín, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àpò iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn méjèèjì ló mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ìyá náà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdáhùn rẹ̀ yóò wọ inú Ìwé Ìjẹ́wọ́ lọ ní ilé ìtọ́jú eyín, kò sì sí ọwọ́ tó lè pa á rẹ́ níbẹ̀. Ibikíbi tó bá lọ láti ọjọ́ náà, ìbáà jẹ́ pé èékánná rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wò, ìpè ìkẹyìn ni tirẹ̀. Bí ó bá sì ní rárá, àpótí náà yóò yọ ahọ́n irin síta, yóò ní kó tutọ́ lé e, yóò tọ́ itọ́ náà wò, yóò mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tó bá purọ́ fún un, ilé ẹjọ́ ni yóò ti ṣàlàyé. Olóòótọ́ ni orúkọ tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sọ ọ́. Aṣòfófó ni àwọn ará Òkè-Omi ń pè é.

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ìbídùn fi ìka méjì kan abẹ́ àgbọ̀n ìyá náà. Ó le, ó gbóná, wíwú náà sì ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọrùn. Ẹni tó ń gbé omi mímu kiri ojúlé ló sọ fún un láàárọ̀ yìí pé Màmá Agbẹ̀bí kò lè gbé itọ́ mì mọ́, ó sì ti rò lọ́nà pé ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà bù mọ́ ọn. Kò bù mọ́ ọn.

"Ìgbà wo lẹ ti jẹun?"

"Ẹ̀kọ ni mo ń mu. Lónìí, ẹ̀kọ náà ò lọ."

"Màmá, eyín yìí gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ọyún ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá dé ọ̀nà ọ̀fun, yóò dí èémí yín."

"Mo mọ̀. Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń kú ni, ọmọ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì?"

Bó ṣe máa ń pè é látìgbà èwe nìyẹn, nítorí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ilé-ìwé ni ó ti gbẹ̀bí rẹ̀, ní Ọdún Omi, nígbà tí gbogbo ilé ìlú wà lábẹ́ omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí Ìbídùn kò ti gbọ́ orúkọ náà. Omi gba ojú rẹ̀, ó sì tẹrí ba kí ìyá náà má baà rí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀, ìwà ọmọlúàbí ló sì bí i. Ibẹ̀ ló ti ń dun Ìbídùn jù. Ká ní ìkà ló ṣe, ì bá mọ irú ẹ̀bẹ̀ tí yóò bẹ̀.

Oṣù mẹ́ta péré ni ó ti dé láti ìlú òkè tó ti lọ gbé láti ìgbà ọmọdé, tó sì ti kọ́ṣẹ́. Ní ilé ìtọ́jú Òkè-Omi, pátákó ìpè kan wà lára ògiri iyàrá ìdúró, orúkọ àwọn tí wọ́n máa wo eyín wọn lọ́jọ́ náà a máa tàn lórí rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìbídùn ṣàkíyèsí pé ojoojúmọ́ ni àyè tó kẹ́yìn máa ń ṣófo. Ó rò pé ti ẹni tó bá pẹ́ dé ni. Kò béèrè, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Ohun tí gbogbo ìlú ti mọ̀ tipẹ́, ta ni yóò rántí ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àjò dé?

Òun ló bẹ Màmá Agbẹ̀bí pé kó máa wá sọ́dọ̀ òun. Ìyá náà a máa wọ ọkọ̀ ojú omi fún odindi ọjọ́ kan àbọ̀ lọ sí ìlú Àgbárí, nítorí eyín, Ìbídùn sì kà á sí ẹ̀gàn ara rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí mi," ni ó ń wí ṣáá. "Ta ló tún kù tó yẹ kó wo ẹnu yín?" Ní ìkẹyìn, ìyá náà gbà. Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bá ọ sọ, nígbà tó bá ku àwa méjì."

Ìbídùn rò pé àdúrà ni. Nígbà tó wá fẹ́ to orúkọ sórí pátákó, ó ro ọ̀nà tí yóò fi ṣàpọ́nlé ìyá náà. Nílé tirẹ̀, bí àgbà bá ń bọ̀, wọn kì í gbà á lálejò láàárín iṣẹ́. Wọn a kọ́kọ́ parí iṣẹ́ ilé, wọn a gbálẹ̀, wọn a wá jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀ tẹ́rùn. Ṣé àárín ọmọdé méjì tí eyín ń dùn ni yóò wá há ìyá tó gba gbogbo ìlú sí ọwọ́ mọ́? Ó fi orúkọ rẹ̀ sí àyè tó kẹ́yìn. Pátákó bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún mú tìmùtìmù tuntun wá láti ilé fún ìjókòó ìyá náà.

Èèyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Màmá Agbẹ̀bí, wọ́n dọ̀bálẹ̀, ìyàwó ilé kan sì gbé ọmọ oṣù márùn-ún lé e lẹ́sẹ̀ kó súre fún un. Ìyá Ìbídùn gan-an wà níbẹ̀, oúnjẹ ni ó gbé wá fún ọmọ rẹ̀. Nígbà náà ni pátákó tàn. Orúkọ mẹ́wàá jáde ní funfun. Orúkọ tó kẹ́yìn jáde ní àwọ̀ aró: Rẹ̀mílẹ́kún Olújìnmí.

Ìyàwó ilé náà kò já ọmọ rẹ̀ gbà o. Ó rọra gbé e ni, ó ní ó jọ pé ọmọ ti tọ̀. Ìyá Ìbídùn ló kọ́kọ́ jáde, ó ní òun gbé ọbẹ̀ kaná. Màmá Agbẹ̀bí ka orúkọ ara rẹ̀, ó tún un kà, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ìbídùn," ni ó wí, "mo ń bọ̀." Kì í ṣe ẹni tí í yẹ àdéhùn, ṣùgbọ́n kò padà wá.

Ọ̀gá Arógundádé, tó jẹ́ olórí ilé ìtọ́jú, ló wá là á yé Ìbídùn lẹ́yìn náà.

"Ta ló ní kó o fi èèyàn síbẹ̀? Ṣé o ò mọ̀ pé àyè Ìwẹ̀ ni?"

"Ìwẹ̀ wo, sà?"

"Ìwẹ̀ Wákàtí Méjì. Bí ẹni tó ní kòkòrò HIV bá jókòó sórí àga, òfin ní kí àga náà wẹ̀ fún wákàtí méjì kí ẹlòmíì tó jókòó. Ta ló máa dúró dè é? Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n kẹ́yìn."

"Ṣùgbọ́n oògùn ti mú kòkòrò yẹn sùn lára gbogbo wọn. Ìwẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún tí àga ń wẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn ti tó. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn."

"Èmi náà mọ̀," ni Ọ̀gá Arógundádé wí, ó ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìwọ náà mọ̀. Òfin ni kò tíì mọ̀."

Ó sì fi kún un pé ó ti tó ọdún méje tí ẹnikẹ́ni kò ti gba ìpè ìkẹyìn ní Òkè-Omi. Kì í ṣe pé kò sí wọn. Àwọn tó bá ní i, yálà wọ́n ń jẹ ìrora wọn mọ́ra, tàbí wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ òde òní ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ, kòkòrò náà kò lè ràn wọ́n láyé wọn, síbẹ̀ wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀ ju àwọn tó fojú rí i lọ. Kògbóògùn ni wọ́n ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń gbọ́ oògùn láti ayé àwọn bàbá wọn.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí Màmá Agbẹ̀bí fẹ́ sọ fún Ìbídùn nìkan, Ìbídùn ti bá a sọ fún ìlú.

"Ṣé ẹ rántí ìbéèrè mi?" ni Olóòótọ́ tún wí.

"Ẹ̀rọ yìí ní sùúrù o," ni Màmá Agbẹ̀bí wí. "Ẹni tó ń wo eyín mi ní Àgbárí ò ní tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n sọ fún ọ? Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, irú ẹ̀rọ yìí ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má baà ṣèèṣì fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá wọ ìbọ̀wọ́ mẹ́ta léra wọn. Ó fi ọ̀rá wé àga, ó fi wé iná, ó fi wé ìdí ìlẹ̀kùn tí mi ò ní fọwọ́ kàn. Nígbà tó ṣe tán, ó kù díẹ̀ kí n bi í pé ṣé kò ní wé èmi náà bíi mọ́ínmọ́ín."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora kò jẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì ra inú apá rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí kóró oògùn tó ń mú kòkòrò náà sùn wà lábẹ́ awọ, èyí tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dọọdún. Ìbídùn rí ibi tó ti yọ díẹ̀ bí hóró àgbàdo. Ó ti rí ìyá náà tó ń fọwọ́ ra ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ó rò pé làkúrègbé ni.

"Nígbà tó o wá pè mí," ni Màmá Agbẹ̀bí wí, "mo ní, ọmọ tèmi rèé. Òun ò ní fi ọ̀rá wé mi."

"Màmá, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ọ́ kí n tó délé lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ò ní kó má dùn mí. Wo ibẹ̀ yẹn."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, abọ́ ńlá aláwọ̀ funfun kan wà ní ìdojúdé. Ìbídùn mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ló ń gbẹ̀bí ní Òkè-Omi báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ìyá ọmọ tí kì í gbé ọmọ tuntun wá kí Màmá Agbẹ̀bí wẹ̀ ẹ́ níwẹ̀ àkọ́kọ́, kó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, kó jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n tilẹ̀ máa ń fi abọ́ náà ṣàwàdà pé ìlú kan ló ti wẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí," ni ìyá náà wí. "Mò ń gbọ́ igbe wọn látòkè ibí. Ẹnì kan ò gbé ọ̀kan wá."

Ìbídùn ti rò tẹ́lẹ̀ pé òun yóò wá ṣàlàyé fún ìyá náà pé òun kò mọ̀. Ó wá rí i pé àìmọ̀ òun kò lè gbé ọmọ kan ṣoṣo padà sínú abọ́ yẹn. Ó na ọwọ́ sí Olóòótọ́, ó sì pa ìdérí rẹ̀ dé.

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ṣí mi, wọn kò sì dá mi lóhùn," ni àpótí náà wí lábẹ́ ìdérí. "Ó dàbọ̀ o."

"Kí lo ṣe yẹn?" ni Màmá Agbẹ̀bí bi í. "Ṣé wọn ò ní pè ọ́ lẹ́jọ́?"

"Wọ́n á pè mí."

Ó tú aṣọ funfun kan ní ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀. Ẹ̀mú irin kan wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ẹnu ẹyẹ. Nínú àpótí gíláàsì ní ọ̀nà àbáwọlé ilé ìtọ́jú ni ó ti mú un, níbi tí wọ́n to àwọn irinṣẹ́ ayé àtijọ́ sí fún àwọn ọmọ iléèwé láti máa wò. Láti ogún ọdún ni òfin ti kà á léèwọ̀ kí ọwọ́ ènìyàn lásán yọ eyín. Olóòótọ́ ló ń yọ ọ́, oníṣègùn a sì máa dúró tì í. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọn yóò gba àmì iṣẹ́ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́fà tó fi kọ́ṣẹ́ yóò sì wọmi. Ó ti rò ó lọ rò ó bọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà á.

Màmá Agbẹ̀bí fi ojú kan tó là wo ẹ̀mú náà, ó wo Ìbídùn.

"O ti fi fa eyín rí?"

"Rárá o. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi hàn wá."

"Áà. Orí mi o." Ó mí kanlẹ̀. "Gbé omi kaná, kó o bọ̀ ọ́ dáadáa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà ò tíì gbẹ̀bí rí lọ́jọ́ tí mo gba àkọ́kọ́."

Bí omi ti ń hó, Ìbídùn fi oògùn kun èrìgì ìyá náà títí ó fi kú tipiri, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọ ọwọ́. Ó mú ìbọ̀wọ́ jáde. Ojú Màmá Agbẹ̀bí wà lára ọwọ́ rẹ̀. Ìbídùn wọ ìbọ̀wọ́ kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó wọ ọ̀kan sí ọwọ́ òsì, bó ṣe ń wọ̀ ọ́ fún gbogbo èèyàn, kò sì wọ òmíràn lé e. Ìyá náà mójú kúrò, ó fara ti àga.

"Abọ́ tí ẹ máa tutọ́ sí ńkọ́?"

"Mú ti ìwẹ̀ ọmọ yẹn."

"Màmá, mi ò ní fi abọ́ yẹn gba ẹ̀jẹ̀."

"Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò ní fi gbà á," ni Ìbídùn wí, ó sì lọ mú ike kan wá láti ẹ̀yìn ilé.

"Ó dáa, gbọ́," ni Màmá Agbẹ̀bí wí. "Bí ẹnu mi bá là, mi ò ní lè sọ̀rọ̀. Màá gbé ọwọ́ mi lé ọrùn ọwọ́ rẹ. Bí mo bá tẹ̀ ọ́, dúró. Bí mo bá fi ìka lù ọ́, máa lọ. Má fà á. Gbogbo ẹni tó ń kánjú fà ló ń fa nǹkan ya. Kọ́kọ́ tì í wọlé, kó o mì í sọ́tùn-ún, kó o mì í sósì, kó mọ̀ pé ọ̀nà wà. Á wá bọ̀ fúnra rẹ̀."

Ìbídùn fi ẹ̀mú gbá eyín náà mú. Ọwọ́ àgbà náà wá bà lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó gbẹ, ó gbóná. Ó tì í wọlé. Ó mì í sí ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ fà á, ọwọ́ náà tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Wọ́n jọ mí. Ìka lù ú, ó tún mì í. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó gbọ́ ohùn kékeré kan nínú egungun, eyín náà sì mira bí òpó ọgbà tí òjò ti rọ̀ sí nídìí. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Ìka lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Eyín náà yí, ó sì tẹ̀lé ẹ̀mú jáde pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ méjèèjì. Ọyún tú tẹ̀lé e. Màmá Agbẹ̀bí tẹ̀ síwájú, ó tu ú sínú ike, ó sì tún tu ú, títí tí ojú tó pa dé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ìbídùn fi òwú mímọ́ dí ojú ihò náà, ó ní kí ó gé e mọ́ra, ó sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò fún ọjọ́ méje. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ lé e lórí.

Nígbà tí òwú jáde, ohùn Màmá Agbẹ̀bí ti mọ́.

"O ò bi mí bí ó ṣe dé ara mi."

"Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè."

"O lẹ́tọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ náà nìyẹn." Ó wo omi lóde. "Ọdún Omi ni. Ọjọ́ méje la lò lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ilé-ìwé. Mo gba ọmọ mẹ́ta pẹ̀lú àtùpà kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà fà mí létí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ó ní, 'Màmá, mo ní kòkòrò yẹn o. Ọkọ mi ò mọ̀. Ẹnì kan ò mọ̀.' Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí ọmọ jáde, ó ya ìyá rẹ̀, mò ń rán an. Omi gbá ilé, abẹ́rẹ́ wọ ìka mi. Oògùn kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ lò kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Òdìkejì omi ló wà. Ọjọ́ keje ni ọkọ̀ dé."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ọmọ yè bọ́. Kò ràn án. Ó wà láyé, ó ń ṣe dáadáa."

Ìbídùn gbójú sókè wò ó. "Àwa mẹ́ta lẹ gbà lọ́sẹ̀ náà."

"Ẹ̀yin mẹ́ta."

"Màmá, ta ni ìyá náà?"

Màmá Agbẹ̀bí yíjú sí i. Ìbínú kò sí lójú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ì bá sàn fún Ìbídùn bí ó bá wà níbẹ̀.

"Mo pa àṣírí rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Ìbídùn. Tèmi ò pé ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ. Wá tún bi mí léèrè."

Ìbídùn kò tún bi í. Ó fọ ike, ó nu ilẹ̀, ó kúnlẹ̀ dágbére. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó gbé abọ́ ìwẹ̀ náà dúró, ó sì fi aṣọ nu eruku inú rẹ̀. Kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kò kàn lè fi í sílẹ̀ ní ìdojúdé ni.

Oòrùn ti wà ní àtàrí nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹsẹ̀ ilé. Ìyá rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn, ó dúró, bí ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Arẹwà obìnrin ni, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín kó má fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń jẹun. Àwọn ará àdúgbò a máa fi Ìbídùn ṣe yẹ̀yẹ́ pé dókítà eyín ni, ìyá rẹ̀ kò sì lè fọ́ eegun adìyẹ. Láti ìgbà tó ti dé, ẹ̀ẹ̀melòó ni kò ti bẹ ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n wò ó"? Ìgbà gbogbo ni ọbẹ̀ máa ń wà lórí iná.

"O ti lọ síbẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Eyín náà ti jáde. Ara wọn á yá."

"A dúpẹ́." Ìyá rẹ̀ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wo orí omi níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìbídùn. Ṣé wọ́n dárúkọ ẹnikẹ́ni?"

Ìbídùn dúró sínú ọkọ̀, okùn lọ́wọ́. Ó wo ìyá rẹ̀. Ọwọ́ òsì obìnrin náà wà nínú apá ọ̀tún, lábẹ́ ọwọ́ aṣọ gígùn tí kì í bọ́ nínú ooru, ó ń fọwọ́ ra ibì kan níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀ pé òun ń ra á.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ló wá sí Ìbídùn lẹ́nu. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Rárá o, màámi," ni ó wí. "Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́, ó bá a gba àpò. Wọ́n gun àtẹ̀gùn wọlé. Nínú ilé, Ìbídùn yọ ẹ̀mú kúrò nínú aṣọ, ó fọ̀ ọ́, ó bu omi sínú ìkòkò, ó sì gbé e kaná. Ìyá rẹ̀ wo ìkòkò náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìbídùn fa àga kan sẹ́bàá fèrèsé fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń dúró kí omi hó.